Ohun Tí Òǹkọ̀wé Náà Wí Gan-an

Èdè kan náà ni mo rò pé mo ń bọ̀ wá sọ. Ohun tí mo wí fún ìyá mi nìyẹn nígbà tí mo ń kúrò ní Kétu: pé Yorùbá ni àwọn tí mo ń lọ bá, Yorùbá ni àwa náà, ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà sáàrin wa kò dé ẹnu wa. Ọjọ́ kejì tí mo dé abúlé tí mo wá ń gbé, tí kò jìnnà sí Ìyànà Ọ̀fà, mo kí obìnrin kan ní ìdí kànga. Ó dá mi lóhùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, tí ó bi í pé kí ni Ègùn yìí ń wí.

Mo pọn omi mi, mo lọ. Mo ti dé ilé kí n tó rántí èsì tí ó yẹ kí n fún un. Mo gbé omi sílẹ̀, mo padà sí ìdí kànga, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ.

Ọdún kan ni mo dá fún ìyá mi. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan sì ni ọmọ tí ó kù sí wọn lọ́wọ́. Àbúrò bàbá mi kan máa ń wá ṣiṣẹ́ ní oko kòkó ní agbègbè Ìbàdàn lọ́dọọdún. Mo bá wọn wá, kí n lè fi owó iṣẹ́ náà ra maṣíìnì ìránṣọ. Nígbà tí a pa kòkó tán, àbúrò bàbá mi padà sílé. Èmi dúró. Ilé-ìwé ni ó dá mi dúró.

Ìjọba ìwọ̀-oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ nígbà náà ni. Àwọn ọmọ pọ̀ ju ìjókòó lọ, ìjókòó sì pọ̀ ju tíṣà lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé wa jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti ìgboro Ìbàdàn, tí ẹnikẹ́ni kò rí láìsí táì lọ́rùn rí. Wọ́n rí lẹ́tà kan tí mo bá àwọn lébìrà ẹgbẹ́ mi kọ sílé ní Faransé. Wọn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí wọn kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n wọ́n wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi títí. Ilé-ìwé àwọn sísítà Kátólíìkì ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n ní kò yẹ kí irú ọwọ́ yẹn máa pa kòkó. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, wọ́n fi mí sí kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, níbi tí kò ti sí Gẹ̀ẹ́sì, tí Yorùbá nìkan ti tó.

Yorùbá náà kò tó. Àwọn ọmọ náà lé ní ọgọ́ta lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ. Bí mo bá wí gbólóhùn kan, gbogbo wọn á tún un wí pẹ̀lú ohùn mi gẹ́lẹ́, wọ́n á sì wó lu ara wọn fún ẹ̀rín. N kò lù wọ́n. Mo ní kí wọ́n máa kọ́ mi bí a ti ń wí i níhìn-ín, wọ́n sì fi tọkàntọkàn gba iṣẹ́ náà ṣe. Láràárọ̀ ni wọ́n ń tún ẹnu mi ṣe. Kí sáà náà tó parí, ọkùnrin kan ti oko wá fi ẹjọ́ sùn pé ọmọbìnrin òun ti ń sọ̀rọ̀ bí Ègùn nínú ilé. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí ó má bínú, pé èdè kejì náà, ọ̀fẹ́ ni.

Ilé Àáfà abúlé náà ni ọ̀gá ilé-ìwé fi mí wọ̀ sí. Iṣu àti obì ni Àáfà ń gbìn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lábẹ́ igi odán iwájú ilé. Nígbà ààwẹ̀, àwọn ni wọ́n ń ṣe tàfúsírù fún abúlé wa, ìyẹn ni pé wọ́n ń ka Àlùkùránì sókè, wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Ìyá Mọ́rúfù, ìyàwó wọn, ti fa gbogbo ọmọ wọn fún ọkọ tàbí fún ìrìn àjò, ọwọ́ wọn sì ṣófo. Ọwọ́ tí ó ṣófo náà ni wọ́n fi mú mi. Kí n tó jí láràárọ̀, ọ̀gì gbígbóná ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n ní egungun ni Faransé fi ránṣẹ́ sí àwọn, àwọn ni àwọn yóò fi ẹran sí i.

Síbẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi máa ń le fún mi. Kátólíìkì ni mí, kò sì sí ìjọ wa nítòsí. Ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀gá ilé-ìwé ni mo ń lọ, n kò sì mọ ìgbà tí wọ́n ń kúnlẹ̀ níbẹ̀. Màá kúnlẹ̀ nígbà tí gbogbo ìjọ bá dìde. Bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ẹrù lójú títì, màá lọ wò ó bóyá ará ìhà ọ̀dọ̀ wa ni dírẹ́bà, kí n lè bi í bóyá òjò ti rọ̀ ní Kétu. N kò ní oko ní Kétu. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan pe orúkọ ìlú náà létí mi bí a ti ń pè é nílé ni.

Lẹ́tà ìyá mi ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò mọ̀wé. Wọ́n á wí i ní Yorùbá ilé wa, katikíìsì ìjọ wa á kọ ọ́ ní Faransé, èmi náà á sì dá a padà sí Yorùbá nínú orí mi, pẹ̀lú ohùn wọn. Nígbà tí ọdún kan tí mo dá ti di mẹ́ta, ọ̀kan dé tí ó kúrú. N kò tíì gbàgbé rẹ̀ di òní: “Àwọn ará ilé ní o ti gbàgbé wa. Àwọn ará ilé ní o ti rí ìyá mìíràn níbẹ̀. Àwọn ará ilé ní o kò fẹ́ kí a rí ọ mọ́. Bí oòrùn ibẹ̀ bá mú, máa fi nǹkan borí.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí mi, n kò sì fèsì. Oṣù ń gorí oṣù. Bí Ìyá Mọ́rúfù bá béèrè ìyá mi, màá ní wọ́n wà, màá sì bá iṣẹ́ mi lọ.

Inú àkókò yẹn ni mo lọ ṣe ìdánwò. Alábẹ̀wò ilé-ìwé ti kìlọ̀ pé tíṣà tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti di tíṣà ni ọ̀gá ilé-ìwé ti ń kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá lọ tán. Ìṣirò kò bà mí lẹ́rù. Àkàyé ni ó ń bà mí lẹ́rù: wọn yóò fún ọ ní ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ, ìwọ yóò kà á, wọn yóò sì bi ọ́ ní ohun tí onítọ̀hún ń sọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìwé náà nínú gbọ̀ngàn kan ní ìgboro Ìbàdàn, ẹ̀rù náà lọ. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀. “Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà,” bí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, “pé ọmọ tí ó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mìíràn ti kọ àwọn òbí rẹ̀, àti pé ìfẹ́ ara rẹ̀ nìkan ni ó lé e jáde.” Ara mi gbóná. Mo fi ojú sáré gba orí ìyókù kọjá. Ìbéèrè ní kí a fi ọ̀rọ̀ ara wa sọ èrò òǹkọ̀wé nípa àwọn tí ó kúrò nílé. Mo fi ọ̀rọ̀ ara mi dá a lóhùn, ojú ìwé méjì gbáko. Mo ní ó dájú pé kò pọn omi rí níbi tí wọn kò ti mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní ta ni ó bi í bóyá àwọn tí ó lọ ń sunkún. Mo bá a jà ní Gẹ̀ẹ́sì tí n kò mọ̀ pé mo ní. Nígbà tí mo jáde, ara mi fúyẹ́. Mo ra búrẹ́dì fún Ìyá Mọ́rúfù, mo sì ń kọrin nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìyànà Ọ̀fà.

Mo yege nínú ìṣirò àti nínú gbogbo ìyókù. Mo fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀gá ilé-ìwé gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á, wọ́n sì ní kí n sọ ohun tí mo kọ. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún.

“Tíṣà, wọn kò bi ọ́ ní ohun tí o rò. Ohun tí ọkùnrin yẹn rò ni wọ́n bi ọ́. Lọ tún un kà.”

Wọ́n ní àwọn ti bẹ alábẹ̀wò, ó sì ti gbà kí n tún un ṣe lọ́dún tí ń bọ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Bí mo bá tún ṣubú, kí n di ẹrù mi. N kò tún un kà. Inú ń bí mi sí ọkùnrin náà jù.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Àáfà àti Ìyá Mọ́rúfù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa obì, èyí tí kòkòrò ti jẹ sí ọ̀tọ̀, èyí tí ó dára sínú ewé. Mo bá wọn jókòó. Ìyá Mọ́rúfù ní kí n wá ka ìwé tí ó fẹ́ lé mi padà sí Kétu sí àwọn létí, kí àwọn gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo lọ mú un, mo sì ń sọ ọ́ di Yorùbá bí mo ti ń kà á. N kò tíì kọjá gbólóhùn àkọ́kọ́ tí Ìyá Mọ́rúfù fi ju obì ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n béèrè ibi tí ilé ọkùnrin náà wà. Wọ́n ní Mọ́rúfù wà ní Kánò láti ọdún mẹ́fà, ṣé ó ti kọ àwọn nìyẹn? Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí i pé ìyá Mọ́rúfù ní irọ́ ni. Mo ní mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ fún mi ní òdo.

Àáfà kò gbójú kúrò lára obì. Wọ́n béèrè pé kí ni ọkùnrin náà wí. Mo ní ó ní a ti kọ àwọn òbí wa.

“Ó ní bẹ́ẹ̀, àbí ó ní àwọn kan ní bẹ́ẹ̀?”

Mo wo ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà. Ó wà níbẹ̀, níwájú gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, mo sì ti fò ó bí ẹni fo gọ́tà.

Àáfà gbé igbá obì sílẹ̀.

“Nínú Àlùkùránì, Firiáónà, ọba Íjíbítì, sọ pé òun ni olúwa tí ó ga jù. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, a máa ń kà á sókè. Ẹni tí ó bá kà á débẹ̀, tí ó pa ìwé dé, tí ó dìde lọ, kí ni yóò máa sọ káàkiri pé Ọlọ́hun wí?”

Wọ́n ní bí àwọn bá ń ṣe tàfúsírù, ohun tí àwọn kọ́kọ́ ń wá ni ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Bí a kò bá tíì mọ ẹni náà, gbogbo ìtumọ̀ tí a bá ṣe, ọ̀rọ̀ tiwa ni. Wọ́n ní kí n máa kà á lọ.

Mo ń kà á lọ. Nínú ìpínrọ̀ kejì, ọkùnrin náà ṣàlàyé ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń rò bẹ́ẹ̀. “Ṣùgbọ́n” ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ìkẹta. Ó ní òun kò bá wọn gbà á. Ó ní púpọ̀ nínú àwọn tí ó lọ, ẹrù ilé ni wọ́n rù lọ, wọn kò sá fún un. Ó ní àwọn tí ó kù nílé máa ń sọ ọ̀rọ̀ líle nítorí pé wọn kò mọ bí a ti ń sọ pé àárò ń sọ àwọn.

Ọkùnrin tí mo fi ojú ìwé méjì bú, ẹ̀yìn mi ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Mọ́rúfù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, nígbà tí Àáfà bá kírun Alásárì tán, màá gbé àga mi lọ bá wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé ń yá mi ní ìwé, èmi ń sọ ọ́ di Yorùbá, Àáfà sì ń dá mi dúró. Ta ni ó wí ìyẹn? Òun náà gbà á, àbí ó kàn ń ròyìn rẹ̀ ni? Ìgbà wo ni ó padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n wá wò wá lọ́jọ́ kan, wọ́n sì jókòó. Òǹkọ̀wé kan ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ oko kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ó lòdì sí i, Àáfà ní kò lòdì sí i, pé bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó nìkan ni ó lòdì sí. Wọ́n jiyàn títí ọ̀gá ilé-ìwé fi tú táì wọn. Nígbà tí mo tún un kà fún wọn lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá ilé-ìwé ní ó dára, ti Àáfà ni ó tọ̀nà.

Mo máa ń rò ó nígbà náà pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé mi ṣubú. Láti ìgbà tí mo ti kúrò láàrin àwọn ènìyàn mi, etí mi ti di etí ẹni tí ń retí èébú. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ́nà oko, èmi ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi náà ni. Mo ti gbọ́ Ègùn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pè é. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bóyá obì ni wọ́n ń sọ, tàbí ọkọ wọn. N kò sọ pé kò sí èébú rárá. Ó wà, mo sì mọ àwọn tí ó bú mi. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ kí ohùn àwọn díẹ̀ yẹn bo ti gbogbo abúlé, kódà ti obìnrin tí ń gbé ọ̀gì sí ẹnu ọ̀nà mi láràárọ̀.

Òjò ni ó mú mi ṣí àpótí lọ́jọ́ kan, pé kí n yọ aṣọ òtútù. Lẹ́tà ìyá mi wà nísàlẹ̀. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo sì kà á bí mo ti ń ka ìwé fún Àáfà. Ta ni ó wí pé mo ti gbàgbé? Àwọn ará ilé. Ta ni ó ní mo ti rí ìyá mìíràn? Àwọn ará ilé. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo ti fi ń jẹ ara mi láti ìgbà yìí wá, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ ti ìyá mi nínú rẹ̀. Ti ìyá mi ni ìkẹrin, èyí tí n kò tilẹ̀ rántí pé ó wà níbẹ̀: bí oòrùn ibẹ̀ bá mú, máa fi nǹkan borí.

Mo kọ èsì lójú ẹsẹ̀. Mo ní mo dúpẹ́ pé bí gbogbo ilé ti ń sọ̀rọ̀ mi tó, ẹ̀yin kò bá wọn sọ ọ́. Mo ní mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ̀ ń jà fún mi láàrin wọn, kí Ọlọ́run fún yín lágbára. Mo ní mo ń fi ìborùn borí bí mo bá ń lọ sí ilé-ìwé. Mo fi rán dírẹ́bà kan tí ó ń lọ sí ìhà ààlà.

Ìdánwò ọdún kejì dá lórí ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n là gba abúlé kan kọjá. Òǹkọ̀wé yin ọ̀nà náà fún ìpínrọ̀ mẹ́ta. Ní ìkẹrin, ó béèrè ibi tí àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà wà. Mo kà á délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú kálàmù. Èrò tèmi nípa ọ̀nà ọkọ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀ pátápátá. Mo fi tèmi sínú, tirẹ̀ ni mo kọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra wọn ni wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wá sọ fún wa pé mo yege. Ìyá Mọ́rúfù ti jó dé ẹnu ọ̀nà ilé kẹta kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ tán. Àáfà bá mi dúpẹ́, wọ́n ṣàdúà fún mi, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n jókòó kí n sọ fún àwọn, kí ni ọkùnrin tí ó kọ̀wé ọ̀nà ọkọ̀ náà wí gan-an?

Ọdún tí ibí gba òmìnira, tí ilé náà sì gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Faransé, ni mo tó rí ààyè lọ sí Kétu. Mo ru iṣu àti obì tí Ìyá Mọ́rúfù dì fún ìyá mi. Àwọn ọmọ agboolé wa ní ohùn mi ti yí. Ará Ìbàdàn ni wọ́n ń pè mí. Ìyá mi ti gbó díẹ̀ ju bí mo ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjì ni ènìyàn fi kún ilé, a kò rí ojú ara wa. Ní ọjọ́ kẹta, àwa méjì nìkan jẹun ọ̀sán. Mo sọ ìtàn ìdánwò náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sọ bí mo ti tún lẹ́tà wọn kà, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n dúró tì mí nígbà náà. Mo wá béèrè àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ mi gan-an nínú àwọn ará ilé.

Ìyá mi yọwọ́ kúrò nínú àwo.

“Kò sí ẹni tí ó wí nǹkan kan. Èmi ni. Ojú ń tì mí láti jókòó níwájú katikíìsì kí n ní mo ń bínú sí ọmọ mi, ni mo bá ní kí ó kọ ọ́ pé àwọn ará ilé ni.”

Lẹ́tà tí mo fi gbogbo ọgbọ́n mi kà, òdo ni ó yẹ kí n gbà lórí rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn parí ọ̀rọ̀ àwọn.

“Nígbà tí èsì rẹ dé, tí katikíìsì kà á dé ibi tí o ti ń dúpẹ́ pé mo ń jà fún ọ, mo ní kí ó tún ibẹ̀ kà. N kò jà fún ọ rí, ọmọ mi. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wá sínú ilé yìí, wọ́n ní o ti sọnù. Mo dìde sí wọn. Mo ní ọmọ mi kò sọnù, iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Láti ọjọ́ náà, n kò gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́.”

Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wọn. Wọ́n wá fa àpótí ìjókòó wọn súnmọ́ mi, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ obìnrin tí ó ń fún mi ní ọ̀gì, kí n má fi ohunkóhun pamọ́. Mo bẹ̀rẹ̀. Ọbẹ̀ dì níwájú wa, ìyá mi kò sì jẹ́ kí n dúró.